Bíà Tí Ẹ Ń Pè Ní Ti Ottmar

Ẹ gbé ife yín kalẹ̀ ná. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń jẹ búrẹ́dì, ẹ máa jẹ ẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò rò pé mo lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Èmi ni Wendelin, ọ̀rẹ́ Ottmar olóògbé, tí Walburga opó rẹ̀ ń ṣe sí bí ọmọ ìyá. Lọ́la ni Walburga fẹ́ mú mi lọ sọ́dọ̀ lọ́yà, kí ó fi ilé yìí àti ẹ̀tọ́ ìpọntí tó so mọ́ ọn sí orúkọ mi. Mi ò gbà á. Bíà tó wà níwájú yín yìí, tí ẹ ń pè ní ti Ottmar, kì í ṣe ti Ottmar. Tèmi ni. Mo ti ń parọ́ fún yín láti ìgbà tí ọkùnrin náà ti kú, mo sì ti pinnu pé irọ́ náà kò ní bá mi sùn lónìí.

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é nílùú wa. Ìkòkò kan náà ni gbogbo wa fi ń se bíà ní ilé ìpọntí ìlú, ṣùgbọ́n oníkálukú ló ń gbé tirẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kí ó lọ wú níbẹ̀. Tó bá ti tó mu, á gbé àmì ìràwọ̀ kọ́ síta, kí aráàlú lè mọ̀ pé bíà ti wà nílé òun. Bí ìràwọ̀ Ottmar bá ti yọ báyìí, ilé àwa yòókù á dá páropáro. Ó máa ń dùn mí, kí n má parọ́ kún irọ́. Inú kọ̀ǹpútà tí Korbinian, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, rà fún un ni Ottmar kọ gbogbo ìlànà rẹ̀ sí: irú ọkà báálì tó ń lò, bí wọ́n ṣe yan án, bí omi ṣe gbóná tó, irú ìwúkàrà tó ń sọ sí i. Lẹ́yìn tí iná jó abà wọn, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Ó gbé fúláàṣì kan wá bá mi.

Ó ní, "Wendelin, ohun tó bá wà nílé kan ṣoṣo, iná kan ló máa jẹ ẹ́. Wá da gbogbo ẹ̀ kọ sínú eléyìí, kó o gbé e pa mọ́ sílé tìẹ." Mo ní kò sí wàhálà. Ọ̀lẹ paraku ni mí! Orin àwọn onífèrè ni mo kó sínú fúláàṣì ọ̀hún, mo ń gbọ́ ọ nínú mọ́tò. Ìgbàkígbà tó bá rí mi, á ní, "Ṣé o ti ṣe é?" Màá ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ṣe é." "Ìwọ tí o kì í rántí ibi tó o bọ́ bàtà ẹ sí?" "Má yọ mí lẹ́nu jàre, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi." A ó jọ rẹ́rìn-ín. Orí ibùsùn ọsibítù ló ti bi mí kẹ́yìn. Mo tún ní mo ti ṣe é. Ó fọkàn balẹ̀, ó sì kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, kò sẹ́ni tó rántí àgbá tó ń wú lọ́wọ́ lábẹ́ ilẹ̀. Ìfófòó rẹ̀ kún, ó ru jáde, ó sì ya bo kọ̀ǹpútà tí Ottmar máa ń gbé lé ìdérí àgbá kejì. Ẹ̀rọ náà kú fin-ín. Walburga ò tiẹ̀ bara jẹ́. Ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀ wá sílé mi, ó ní, "Ọpẹ́lọpẹ́ ìwọ tó o ṣe ẹ̀dà ẹ̀ pa mọ́." Ìgbà yẹn ló yẹ kí n wólẹ̀, kí n jẹ́wọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo wọ yàrá, mo tẹ ìlànà tèmi jáde, mo kọ orúkọ Ottmar sí i lókè. Walburga fi pọntí, gbogbo yín wá. Ó tọ́ ọ wò, omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Ottmar rèé!" Ẹ̀yin náà ń sunkún. Bíà tèmi tí ẹ kì í fẹ́ẹ́ mu ni ẹ ń mu tẹkúntẹkún!

Korbinian nìkan ló gbé ife kalẹ̀. "Màámi, èéfín wà nínú bíà yìí. Láti ìgbà tí abà wa ti jóná, Bàámi kì í fẹ́ gbóòórùn ọkà tí wọ́n fi èéfín yan." Ó wò mí. "Bàbá Wendelin, níbo lẹ ti rí eléyìí?" Òtítọ́ pátápátá ni ọmọ náà sọ. Mo lè fi ẹ̀rín bò ó, mo lè ní àṣìṣe ni. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ, nítorí òun ló burú jù: "Bàbá ẹ ló yí i padà nígbẹ̀yìn. Ìwọ ò lè mọ̀, o ò sí nílé nígbà tó ń kú lọ. Òun fúnra ẹ̀ ló ní kí n má jẹ́ kó o fọwọ́ kan bíà òun." Mo fi irọ́ sí òkú lẹ́nu. Korbinian ní irọ́ ni, ó lu tábìlì. Walburga dìde, ó ní, "Ìwọ lò ń pe bàbá ẹ lónírọ́? Jáde nílé mi. Ọjọ́ tó o bá lọ tọrọ àforíjì níbi sàréè ẹ̀ ni kó o tó padà." Ọmọ náà jáde. Mo jókòó síbí, mo mu ife mi tán.

Lọ́sẹ̀ yìí ni Walburga sọ ìdí tó fi fẹ́ fún mi nílé. Ó ní, "Ìwọ nìkan ló bá mi tọ́jú ọkọ mi." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Láàárọ̀ yìí mo wa mọ́tò lọ sí ilé-iṣẹ́ bíà tí Korbinian ti ń ṣiṣẹ́, mo sì jẹ́wọ́ fún un. Mo rò pé á gbá mi létí. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé Màámi ṣì ń wúkọ́?" Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá bi yín pé ṣé ẹ ti ṣe é, tí ẹ kò tíì ṣe é, ẹ sọ pé rárá. Ojú á tì yín díẹ̀, á sì tán síbẹ̀. Tèmi ò tán síbẹ̀.

Walburga, ìlànà Ottmar ti lọ. Ahọ́n ọmọ rẹ ni ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù. Mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí, bóyá o ò tiẹ̀ ní lè ṣe é láéláé. Ṣùgbọ́n Korbinian bá mi wá. Inú mọ́tò mi ló wà níta yẹn. Ó ní ẹni tó lé òun jáde ni yóò fẹnu ara rẹ̀ pe òun wọlé. Má dá mi lóhùn. Dìde, ṣí fèrèsé, kí o pe ọmọ rẹ.