Sàárà Tí Sífáwù Dá Padà

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó dá ẹni tó ń sọ̀rọ̀, tó sì dá ẹni tó ń tòògbé sẹ́yìn òpó níbẹ̀ yẹn. Èmi ò mọ nǹkan kan o. Kéwú tí mo kà, ewúrẹ́ ti lá ìdajì ẹ̀ kúrò lára wàláà. Àwọn àfáà tí láwàní wọn ga ju òrùlé ilé mi lọ ló jókòó síwájú yìí. Àwọn ni kí ẹ bi ní ìmọ̀. Ìtàn lèmi ní. Ẹ̀kọ́ inú ẹ̀ ò sì ju ẹyọ kan lọ: amáànà tí Ọlọ́hun gbé lé wa lọ́wọ́ kì í gbó. Ẹni tí Ọlọ́hun ní kí á máa mú lọ́wọ́, tí irùngbọ̀n bá hù lágbọ̀n ẹ̀, irùngbọ̀n ò ní kí á já ọwọ́ náà sílẹ̀.

Obìnrin kan wà ní ìlú kan. Ẹ má bi mí ní orúkọ ìlú. Sífáwù lorúkọ ẹ̀, alágbàfọ̀ ni. Agbádá àwọn Àlhájì ló ń fọ̀, tó ń po sítáàṣì sí, tó ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ títí etí aṣọ á fi lè gé iṣu. Ọkọ ẹ̀ ti kú. Nójíìmù nìkan lọmọ tó fi sílẹ̀ fún un.

Nójíìmù kì í wojú ènìyàn. Bí ariwo bá pọ̀, á di etí méjèèjì, á máa mì síwá sẹ́yìn. Tí o bá sọ fún un pé aago méjì lẹ ó lọ, tí aago méjì fi ìṣẹ́jú mẹ́ta kọjá, ìjàngbọ̀n dé. Àwọn dókítà ní ọ́tísíìmù ni wọ́n ń pè é. Ìyá ọkọ Sífáwù ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbín tí Sífáwù jẹ nígbà tó lóyún ni. Sífáwù tí kò fẹnu kan ìgbín rí láyé!

Ọlọ́hun ṣe é, ilé-ẹ̀kọ́ kan wà nílùú náà fún irú wọn. Tíṣà kan níbẹ̀ fi àwòrán pélébé-pélébé kọ́ ọmọ yìí ní ètò ọjọ́: àwòrán búrọ́ọ̀ṣì, àwòrán ife, àwòrán bọ́ọ̀sì, gbogbo ẹ̀ lórí okùn. Èyí tó bá ti ṣe tán, á yí i padà, á mọ èyí tó kàn. Ọmọ tí kò lè sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọjọ́ kan ló dédé wí pé, "Màámi, omi tútù. Ife búlúù." Sífáwù bú sẹ́kún. Agbádá kan jóná mọ́ ọn lábẹ́ áyọ́ọ̀nù lọ́jọ́ náà, ẹni tó ni ín ò tíì gbàgbé di òní.

Nójíìmù wá pé ọdún méjìdínlógún. Àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ ní ọmọdé ló wà nínú ìwé àwọn, ẹni tó bá ti pé méjìdínlógún ti kúrò nínú ẹ̀. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n ṣe ìdágbére fún un! Wọ́n pa àgbò, wọ́n se ìrẹsì. Àfáà kan dìde ṣàdúà níbẹ̀, ó ní, "Nójíìmù, o ti dọkùnrin, Ọlọ́hun á jẹ́ kí o dá dúró." Wọ́n ṣe àmín tẹrantẹran lẹ́nu. Ẹ bá mi wò ó: nínú gbogbo ẹnu tó jẹ àgbò yẹn, èwo ló bèèrè ibi tí ọmọ náà máa lọ tílẹ̀ bá mọ́?

Ilẹ̀ mọ́. Nójíìmù wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀, ó lọ dúró síbi tí bọ́ọ̀sì ti máa ń gbé e. Bọ́ọ̀sì dé, àwọn tó kù wọlé. Awakọ̀ ní, "Nójíìmù, wọ́n ti yọ orúkọ ẹ." Bọ́ọ̀sì lọ. Ọmọ yìí dúró sójú kan náà títí di aago méjì tí bọ́ọ̀sì máa ń dá wọn padà, ó wá lọ sílé. Bó ṣe ṣe é lọ́jọ́ kejì nìyẹn, bó ṣe ṣe é lọ́jọ́ kẹta. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti ń gé ọrùn ọwọ́ ara ẹ̀ jẹ. Ọ̀rọ̀ gbẹ lẹ́nu ẹ̀. Ife búlúù wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó bèèrè ẹ̀ mọ́.

Sífáwù gba ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ, ó bá akọ̀wé níbẹ̀.

"Ìyá, ìwé àwọn ọmọdé ló wà lọ́dọ̀ wa níbí."

"Tàwọn àgbà dà?"

"Kò tíì sí, mà."

"Ìgbà wo ló máa wà?"

Akọ̀wé nara, ó wo aago. "Ẹ máa gbàdúrà, mà."

Ẹ gbọ́ o! Ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ń ní ká gbàdúrà. Èmi tó jẹ́ pé àdúà niṣẹ́ mi, ta ni kí n wá sọ fún pé kó ṣiṣẹ́?

Àwọn ará àdúgbò ṣáà ń rí Nójíìmù lẹ́bàá títì. Àánú ẹ̀ ń ṣe wọ́n, àbí? Rárá o, ìlò ni wọ́n rí i lò. Àwa àfáà la kọ́ wọn: "Wá ẹni tí Ọlọ́hun dá lọ́tọ̀, fún un ní sàárà, ọ̀nà ẹ á là." Ẹni tó ń wá físà gbé hóró ṣúgà méje lé e lọ́wọ́. Ẹni tó ń wá ọkọ gbé aṣọ funfun wá. Àkàrà ń dé, ẹ̀pà ń dé. Bẹ́ẹ̀ ọmọ tí mò ń wí yìí, òróró ò gbọdọ̀ kan ọwọ́ ẹ̀! Á to gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ ní ìlà gbọọrọ, á jìnnà sí i. Ìyá ẹ̀ á wá kó o nírọ̀lẹ́.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ẹgbẹ́ Àṣàlátù pé sí mọ́ṣáláṣí. Sífáwù wọlé pẹ̀lú báàfù ìfọṣọ lórí, ó gbé e kalẹ̀ láàárín àwùjọ. Ṣúgà, aṣọ funfun, ẹ̀pà, kò sí èyí tí kò sí níbẹ̀.

"Ẹ má bínú sí mi. Sàárà yín ni mo wá dá padà."

Ìyá Àdínì, olórí àwọn obìnrin, fọwọ́ sọ́rí. "Sífáwù! Ta ló ń dá sàárà padà? Ṣé o fẹ́ kí àdúà wa já sófo ni?"

"Ẹ forí jì mí, Ìyá Àdínì. Nójíìmù ò ṣagbe. Ibi tó máa wà láti aago mẹ́jọ sí aago méjì ló ń wá. Kí ẹnì kan jókòó tì í, kó bá a yí àwòrán ẹ̀, kó má pariwo mọ́ ọn, kó má ṣèlérí tí kò ní mú ṣẹ. Tó bá jẹ́ èmi ni mo jókòó tì í lójoojúmọ́, ta ló máa fọṣọ tá a máa fi jẹun?"

Àlhájì Jínádù, alága kọ́mítì, wú ikọ́. "Kò le tóyẹn. Mo máa ra àgbò mìíràn fún un."

"Àlhájì," Sífáwù kúnlẹ̀ dáadáa kó tó sọ ọ́, "àgbò mélòó ló lè jókòó tì í di aago méjì?"

Mọ́ṣáláṣí bú sẹ́rìn-ín. Àlhájì náà fẹ́ bínú, ẹ̀rín ò jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, tí Sífáwù ṣì wà lórí eékún, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹní. Ẹní dùn ún wò lọ́jọ́ náà!

Ohùn kan wá ti ẹ̀yìn wá. "Èmi mú Àtìní, ọjọ́ Ajé." Bùráímọ̀ ahunṣọ òfì ni, bàbá arúgbó tí ẹsẹ̀ kan ń dùn ún, tí kò ní ju fìlà méjì lọ.

"Bàbá," ẹnì kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́, "kí lẹ mọ̀ nípa ọ́tísíìmù?"

"N ò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo mọ ìjókòó. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo ti ń jókòó nídìí òfì. Sífáwù, wá kọ́ mi ní ti àwòrán yẹn."

Àtìní àkọ́kọ́, Sífáwù mú ọmọ lọ bá Bùráímọ̀ nílé, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í hunṣọ, òfì ń ṣe wọ̀kọ̀-wọ̀kọ̀. Nójíìmù di etí, ó sá lọ sídìí títì ẹ̀. Bàbá ò lé e, kò pariwo. Ó gbé àpótí ìjókòó ẹ̀, ó tiro dé ibẹ̀, ó jókòó sí ọ̀ọ́kán, ó ń ká òwú sára igi títí aago méjì fi lù. Àtìní kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ní Àtìní kẹta, Nójíìmù na ọwọ́ gba igi òwú. Ní ẹ̀kẹrin, Bùráímọ̀ so àwòrán òwú mọ́ okùn, ọmọ náà tẹ̀ lé e wá sábẹ́ igi odán iwájú ilé. Òfì ò dún lọ́jọ́ náà. Ní ẹ̀karùn-ún, láìwojú ẹnikẹ́ni, Nójíìmù ní, "Bàbá, omi tútù. Ife búlúù."

Bùráímọ̀ ò ní ife búlúù. Ẹ̀yin ará mi, bàbá tó ti ń tiro láti ọdún gbọọrọ, ó sáré! Ó sáré gba iwájú mọ́ṣáláṣí dé ilé Sífáwù, fìlà bọ́ sílẹ̀ lọ́nà, kò padà mú un. "Sífáwù, ife dà? Ó ti bèèrè!" Áyọ́ọ̀nù bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Agbádá kejì jóná.

Kí ẹ gbọ́ èyí tó kù. Àwọn obìnrin Àṣàlátù méjì mú Àtàlátà tó tẹ̀ lé Àtìní. Ìyá Àdínì mú Àlàrùbá, ó ní láádá lásán lòun ń wá. Ní báyìí, ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ kí ẹ rí ìjà. Jímọ̀, Sífáwù kì í fọṣọ, ó ń bá ọmọ ẹ̀ jókòó. Akọ̀wé yẹn ò sì ní sùn o: a ti kọ lẹ́tà, a ó máa gbé e lọ títí ilẹ̀kùn wọn á fi mọ orúkọ wa, nítorí àwọn mìíràn ṣì wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn tó ń dàgbà bọ̀.

Mo ní kí ẹ má bi mí ní orúkọ ìlú. Ìlú yìí ni. Sífáwù wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé yẹn, ẹ má wẹ̀yìn. Àfáà tó ṣàdúà kí Nójíìmù dá dúró, tó tún di itan àgbò lọ sílé, èmi ni. Ọlọ́hun, forí jì wá fún àmín tá a fi ẹran ṣe. Fi ọ̀nà mọ̀ wá, má jẹ́ kí á fi sàárà ra ara wa kúrò nínú ojúṣe. Ṣe ìgbẹ̀yìn Bùráímọ̀ ní rere, má gba ìrọ̀rùn lọ́wọ́ Nójíìmù.

Ó ku Àlàmísì. Ọjọ́ tí àwa àfáà kì í ṣí ilé kéwú ni, ẹ ò lè gbọ́ àwáwí lẹ́nu mi. Mo ti mú aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá.

Láti aago mẹ́wàá sí aago méjì, ta ló máa jókòó tì í?