Mo Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Síkírátù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Wọ́n fẹ́ fi mí jẹ Ìyá Àdínì nítorí iṣẹ́ rere tí wọ́n ní mo ṣe. Ìyẹn ni mi ò ṣe lè dákẹ́ mọ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ tí ọkùnrin kan lu ìyàwó rẹ̀ pa ní Ìlobù níbí. Àwọn àgbà pe ìpàdé. Wọ́n yan ilé kan ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan: obìnrin tí ọkọ rẹ̀ bá ń lù, ibẹ̀ ni kó sá wọ̀, ọkọ ò sì gbọdọ̀ tẹ̀lé e wọlé. Ní àdúgbò tiwa, ilé mi ni wọ́n yàn.

Síkírátù, ìyàwó bíríkìlà ẹ̀yìnkùlé mi, ọmọ Ìfọ́n ni. Ẹ sì mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín àwa àtàwọn. Oko bàbá mi bá a lọ. Mo kórìíra ọmọ náà, mo sì ń rẹ́rìn-ín sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sáré dé ẹnu ọ̀nà mi.

"Màmá Ráṣídì, ẹ ṣílẹ̀kùn! Ẹ jọ̀ọ́, ó ń bọ̀!"

Mo rọra ti irin bọ ilẹ̀kùn. Mo ní, "Máa sá lọ sí Ìfọ́n yín."

Ọkọ rẹ̀ bá a níbẹ̀. Mo gbọ́ bí orí Síkírátù ṣe ń lu pátákó ilẹ̀kùn mi. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní purọ́ mọ́: ó dùn mọ́ mi.

Nígbà tí Síkírátù fẹjọ́ mi sun ìgbìmọ̀ àwọn àgbà, tí wọ́n pè wá, mo ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni mo wà lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbà mí gbọ́. Wọ́n ní Síkírátù parọ́ mọ́ àgbà, kó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Ó kúnlẹ̀ tòun ti òwú létí. Mo ní mo ti dárí jì í.

Láti ìgbà náà kò sá wá sílé ẹnikẹ́ni mọ́. Etí òsì rẹ̀ ti di.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá kí mi kú oríire oyè. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú ọ̀rọ̀ ọjọ́sí. Ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi rò pé mo gbọ́ ohùn yín."

Mo ní kó dìde. Mo fún un lómi mu.

Ọkọ rẹ̀ ṣì ń lù ú. Ilé mi náà ṣì ni ilé àsálà àdúgbò wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n sọ fún un pé ohùn mi ló gbọ́?