Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Géèmù Síkírátù

Síkírátù ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn ṣáájú, kí ẹ má baà rò pé mo kàn jí lọ́jọ́ kan, mo sì di ìkà. Ohun tí mo fi gbẹ̀san lára rẹ̀ ti pẹ́ nínú mi. Mi ò sọ fún ọmọ tí mo bí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí i ní Olúpọ̀nnà, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Àbúrò ọkọ mi ni. Nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé ní Ìwó, ó ṣì ń tọ̀ sórí ẹní. Ṣùgbọ́n ẹ mọ àṣà wa: ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni. Èmi tí mo ti jáde nílé ìwé àwọn olùkọ́, mò ń kúnlẹ̀ kí ọmọ tí mò ń fọ aṣọ ìtọ̀ rẹ̀. Mi ò lè pe orúkọ rẹ̀. Adúmáadán ni mò ń pè é. Òun ń pè mí ní "Ìyàwó" títí irun àwa méjèèjì fi ń funfun.

Ọkọ mi ya ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé sọ́tọ̀ fún mi. Ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ni mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìwé níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi kú, a ò tíì ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ tí Síkírátù fi kó àwọn ìwé mi síta. Ó ní, "Ìyàwó kì í jogún ọkọ. Ilé bàbá wa ni." Òjò rọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo wà nínú opó, wọn ò gbà kí n jáde. Ojú fèrèsé ni mo ti ń wo bí ìwé mi ṣe ń wú.

Ohun tó kó sínú ṣọ́ọ̀bù náà ni tẹlifíṣọ̀n kan àti géèmù ìjà tí ọmọ rẹ̀ rà fún un láti Èkó. Àwọn ọmọ iléèwé á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, méjì á máa jà, ẹni tí wọ́n bá nà á dìde fún ẹlòmíràn.

Mo máa ń ṣépè fún ariwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, tí àwọn ọmọ bá wà níléèwé, ibẹ̀ a máa dá páropáro, Síkírátù a sì pè mí: "Ìyàwó, wá jókòó kí n nà ọ́ díẹ̀." Lọ́jọ́ kan, mo jókòó.

Mi ò ní purọ́ fún yín, géèmù náà dára. Oríṣiríṣi èèyàn ló wà nínú rẹ̀, ìjà ẹnì kan ò jọ ti ẹnì kejì. Mo mú ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ ṣòkòtò pupa. Ó fúyẹ́, ó ń fò bí ológbò. Bí o bá mọ ìgbà tó yẹ kí o bo ara rẹ, ìyá arúgbó lè na géńdé. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti lè ta ẹni tí mò ń pè lọ́kọ nípàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ nà án, mo sùn dáadáa.

Ó ní ohun tó ń bíni nínú o. Àwọn ìjà tó lágbára jù, kò sẹ́ni tó ń kọ́ni. Àfi kí o tẹ ìsàlẹ̀, kí o tẹ iwájú, kí o tẹ ẹ̀ṣẹ́, kí gbogbo rẹ̀ sì yá bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́jú. Oríkèé ìka mi ń dùn mí, síbẹ̀ mo kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ ìṣirò. Ọ̀gá tó gbẹ̀yìn nínú ẹ̀rọ náà ń rẹ́ni jẹ: kí o tó gbọ́wọ́, ó ti mọ ohun tí o fẹ́ ṣe. Bí iná bá sì lọ, gbogbo ẹni tí o ti nà di asán.

Èyí tó burú jù ni pé ẹni tó mọ ọ̀nà kan ṣoṣo lè fi na ẹni tó mọ mẹ́wàá. Ohun tí Síkírátù ń ṣe nìyẹn. Á sá lọ sí igun, á lóṣòó, á máa gbá mi lẹ́sẹ̀. Mo ṣubú, mo dìde, ó tún gbá mi. Bó ṣe gba ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń jà.

Lọ́jọ́ Jímọ́ kan, àwọn ọmọ dé ká tó parí. Ó gbá mi lẹ́sẹ̀ títí agbára ọmọbìnrin oníṣòkòtò pupa mi fi tán. Ó pariwo, "Ìyàwó, kò sí sàtífíkéètì nínú èyí o! Dìde fún ẹni tó mọ̀ ọ́n!" Àwọn ọmọ tí mo kọ́ bàbá wọn ní ábídí pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀kan ní, "Màmá Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ lọ fi òrí ra á."

Mo dìde. Mo tiẹ̀ bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ kejì, gìrì mú Múfú, ọmọ aládùúgbò wa tó máa ń ta géèmù níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ibà ni. Mo ti fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ kó tó di pé gìrì mú un, ó gbóná bí ààrò. Nígbà tí wọ́n ti ibi ìtọ́jú dé, ìyá rẹ̀ wá kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ kàwé. Ṣé kì í ṣe ìjà inú tẹlifíṣọ̀n yẹn ló ń ṣe ọmọ mi?"

Mo ní, "Mo kà á nínú ìwé. Òun ni."

Kò sí ìwé kankan tí mo kà. Mo tún ní kó máa fún un ní oògùn ibà lọ, torí mi ò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ kú. Ẹ rí i pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Mi ò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àdúgbò ló bá mi sọ ọ́: "Màmá Tíṣà ló sọ ọ́, wọ́n kà á nínú ìwé." Ìyá kan fi pàṣán lé ọmọ rẹ̀ jáde níbẹ̀. Àwọn àgbà ní kí wọ́n ti ibẹ̀ pa. Ẹnì kan ju òkúta lu tẹlifíṣọ̀n lọ́sàn-án gangan, kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé. Bí Síkírátù bá ń kọjá, àwọn ìyá á fa ọmọ wọn sẹ́yìn. Wọ́n ní òun ló ń fi géèmù náà ṣe ọmọ ọlọ́mọ níbi. Mi ò fẹ́ kó débẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lanu. Ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Olúpọ̀nnà. Mo tún to ìwé mi sínú ṣọ́ọ̀bù. Mi ò ní sọ pé kò dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi gan-an.

Mi ò tíì dárí ọ̀rọ̀ ìwé mi jì í dòní. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá jẹ́wọ́, ìyá Múfú á gbọ́, gbogbo Ìwó á gbọ́, kò sì sẹ́ni tó máa gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ mọ́ láyé mi. Bí mi ò bá jẹ́wọ́, ẹ gbọ́ ohun tí mò ń gbé sùn. Mo ti fẹ́ máa bọ̀ láti Olúpọ̀nnà lọ́jọ́ náà nígbà tí Síkírátù di ọwọ́ mi mú, tó ní:

"Ìyàwó, mi ò lè bá ẹni tó pa irọ́ yẹn jà mọ́. Ṣùgbọ́n tí ara ọmọ ọmọ mi bá ti ń gbóná, ẹ̀rù á bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí pé àbí èmi ni mò ń ṣe é lóòótọ́. Kó sáà wá sọ fún mi pé irọ́ ni."