Oògùn Ọkọ Mi Tí Mo Pín Ránṣẹ́ Sílé

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú sí mi títí ẹ ó fi kà á dé ìsàlẹ̀. Mo ti di arúgbó. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí wọ́n tó mú mi wá sí Abidjan, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá wọ́, ẹ foríjì mí. Láti ọdún mélòó kan ni obìnrin kan ti ń jẹ ìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi ṣẹ̀. Sídíkátù lorúkọ rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé ọkọ mi ti kú. Àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀ la ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán yìí. Oògùn rẹ̀ ṣẹ́kù páálí méjì lọ́wọ́ mi, àwọn ará ilé sì ti ní kí n fi í ránṣẹ́ sí àwọn.

Làmídì lorúkọ ọkọ mi, Bàbá Ṣàkírátù ni mo máa ń pè é. Télọ̀ ni. Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní Abobo, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ tí à ń pè ní la gare. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ó di pé kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Nígbà tó yá, ó ń wọ́ ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ sì le bí ojú ẹni tí inú ń bí. Ọmọ wa, Ṣàkírátù, ló mú un lọ rí Dókítà Kuasí. Dókítà ní Parkinson ni wọ́n ń pe àìsàn náà, pé kì í tán lára, ṣùgbọ́n oògùn wà tó lè mú un rọrùn. Hóró kan láàárọ̀, hóró kan lọ́sàn-án. Ó ní kí a má lò ó lálẹ́, kó má baà gba oorun lójú rẹ̀. Ó ní bí a bá rí ohunkóhun tó ṣàjèjì, kí a tètè wá sọ, kí a má sì ṣe dá a dúró fúnra wa.

Ṣàkírátù túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó tún ní, “Mama, matin, midi, c'est tout. Ṣé ẹ gbọ́?” Mo ní mo gbọ́: àárọ̀ àti ọ̀sán, ó tán.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí ọkọ mi fi ń dá bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ de, tó ń rìn dé mọ́ṣáláṣí. Ráúfù tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ rẹ̀ pariwo pé, “Làmídì, ìwọ lò ń rìn báyìí? Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ ni?” Ọkọ mi ní, “Ẹ́ńjìnnì tuntun ni, bọ́dì ló ṣì jẹ́ ti àtijọ́.”

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan wà ní Ẹ̀jìgbò, Búràímọ̀ lorúkọ wọn. Àwa ìyàwó ilé kì í dárúkọ wọn, Bàbá Àgbà là ń pè wọ́n. Mo kọ ọ́ síbí kó lè yé yín ni. Nígbà tí mi ò tètè rí ọmọ bí, tí àwọn ẹbí ní kí ọkọ mi lé mi, Bàbá Àgbà ló dìde nínú ìpàdé, wọ́n ní, “Ẹni tó bá lé Mọríámọ̀, èmi ló lé.” Láti ìgbà náà, ohunkóhun tó bá wọlé wa, Bàbá Àgbà ní ìpín níbẹ̀. Aṣọ ni o, ọṣẹ ni o, bàtà ni o. Bẹ́ẹ̀ ni àwa tí a wà níbí ṣe ń ṣe: mọ́tò kì í lọ sílé kí ẹrù ẹ̀gbọ́n ẹni má sí nínú rẹ̀.

Ọjọ́ kan ni Mùsẹ́nì, awakọ̀ tó ń bá wa kó ẹrù lọ sílé, sọ fún mi pé ọwọ́ Bàbá Àgbà náà ti ń gbọ̀n bíi ti àbúrò wọn gẹ́lẹ́. Mo ní ẹ̀n-ẹ́n, mo mọ oògùn rẹ̀. Mi ò bi dókítà. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí yọ hóró ọ̀sán ọkọ mi, mo ń kó o sínú agolo mílíìkì. Nígbà tó pọ̀ díẹ̀, mo fi rán Mùsẹ́nì. Mo ní kí Bàbá máa lo ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án. Mi ò sọ fún ọkọ mi, nítorí mo mọ̀ pé bó bá gbọ́, gbogbo rẹ̀ ni yóò ní kí n kó fún ẹ̀gbọ́n òun.

Kò pẹ́, ara ọkọ mi tún le gan-an. Ó ṣubú ní balùwẹ̀. Dókítà Kuasí bi mí bóyá ó ń lo oògùn náà bí òun ṣe kọ ọ́. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, mo purọ́. Ó ní ó jọ pé oògùn náà kò ràn án mọ́, pé òun yóò fi òmíràn tó lágbára kún un. Ẹ̀rù bà mí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún wa ní oṣù kan sí i. Lọ́jọ́ kejì, mo dá hóró ọ̀sán padà fún ọkọ mi. Nígbà tó yá, ó tún ń rìn. Mo rò pé ó tán síbẹ̀.

Kò tán. Mùsẹ́nì tún dé, ó ní Bàbá Àgbà ń rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí. Wọ́n ń bá ìyá wọn tó ti kú sọ̀rọ̀. Wọ́n ń gbọn èèrà tí kò sí kúrò lórí ẹní. Àwọn ẹbí ní ọwọ́ ayé ni. Kò sẹ́ni tó fura sí oògùn tó ti Abidjan wá, tó tọwọ́ ìyàwó rere wá. Sídíkátù, ìyàwó kékeré Bàbá, ló ń se oúnjẹ wọn. Wọ́n ní ó ti fi nǹkan sí i. Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta ní ọ̀sán gangan, wọ́n dá a padà sílé bàbá rẹ̀ tòun tọmọ lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni ọkàn mi sọ fún mi pé oògùn yẹn ni. Mo pa ẹnu mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ìtìjú ni. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ọkọ mi yóò gbọ́ pé mo jí oògùn òun, dókítà yóò gbọ́ pé mo purọ́. Mi ò fi hóró kankan ránṣẹ́ mọ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ Bàbá tán, ojú wọn sì padà wálẹ̀. Ni gbogbo ẹbí bá ní, “Ẹ ò rí i? Sídíkátù lọ, ara Bàbá yá.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí n gbádùn.

Ọkọ mi lo oògùn tirẹ̀ bó ṣe yẹ fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Lọ́jọ́ àdúrà, Ṣàkírátù gbá mi mọ́ra níwájú gbogbo èèyàn, ó ní, “Mama, ẹ tọ́jú Papa gan-an.”

Nígbà tí àwọn ará ilé wá ní kí n fi oògùn tó ṣẹ́kù ránṣẹ́ nítorí ọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n jù, mo kó páálí méjèèjì, mo lọ bá Fẹlisité. Òun ló ń ta oògùn ní ilé oògùn tí a ti máa ń rà á. Àjàṣẹ́ ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá ṣe akọ̀wé níbí láyé àwọn Faransé, ó ṣì gbọ́ èdè wa. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ gbogbo rẹ̀ fún.

Ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Ìyá, oògùn kì í ṣe ẹran iléyá tí a ń pín kárí ilé.”

Ẹkún ni mò ń sun, síbẹ̀ ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi.

Ó ní ara ò rí bákan náà. Ó ní kíndìnrín àgbàlagbà lè máà lè yọ oògùn náà kúrò lára bó ṣe yẹ, kó wá pọ̀ jù nínú ara, kí ojú máa rí ohun tí kò sí. Dókítà ló ní láti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kó tó mọ iye tí yóò fún un. Ó ní dídá tí wọ́n dá a dúró lójijì náà léwu, orí ló kó Bàbá yọ. Mo bi í pé ṣé kò sí ìrètí mọ́ fún Bàbá nìyẹn. Ó ní, “Rárá o! Ẹ jẹ́ kí dókítà ilé rí wọn. Ìtọ́jú tó bá wọn lára mu ṣì lè wà.” Ó gba páálí méjèèjì lọ́wọ́ mi. Ó kọ orúkọ oògùn náà àti ohun tó ṣe fún Bàbá sórí ìwé, ó ní kí n fi han dókítà ọ̀hún. Ìwé náà wà nínú báàgì mi.

Mo tún bi Mùsẹ́nì léèrè Sídíkátù. Ó ní kò tíì lọ́kọ mìíràn, pé ọmọ rẹ̀ ti ń lọ ilé ìwé, pé Bàbá Àgbà fúnra wọn ṣì ń béèrè rẹ̀ bí kò bá sẹ́ni nítòsí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà tí mo gbọ́. Ó pẹ́ tí inú mi ti dùn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Mùsẹ́nì ń lọ sílé lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Mo ti ní kó fi àyè kan sílẹ̀ fún mi. Ṣàkírátù ni n ó kọ́kọ́ sọ fún kí n tó lọ, bó tilẹ̀ fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí mi. Ibi tí n kò mọ̀ ni ti ilé. Bí mo bá kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí, wọ́n lè ní kí n bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ nítorí orúkọ ìdílé. Bí mo bá kọ́kọ́ lọ sílé bàbá Sídíkátù, wọ́n lè máà ṣílẹ̀kùn fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, ẹ jọ̀ọ́, ilé wo ni kí n kọ́kọ́ wọ̀?

Sídíkátù, bí ẹnikẹ́ni bá ka èyí sí ọ létí, ìwọ kọ́. Èmi ni. Má tíì dárí jì mí. Jẹ́ kí n dé ná, kí n sọ ọ́ lójú gbogbo wọn.