Àwọn Ọmọ Ogun Inú Mi Ò Dá Mi Mọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yin Olúwa tó jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé iwájú yìí. Halelúyà.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, Boundary ní Ajégúnlẹ̀ là ń gbé. Bàbá mi ń ru ẹrù ní èbúté Àpápá. A ní ajá kan, Bingo. Lọ́jọ́ kan, olè kan wọ aṣọ iṣẹ́ búlúù wọ ọgbà wa, Bingo gé e jẹ. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá ti wọ búlúù, olè ni lójú Bingo. Búlúù sì ni aṣọ iṣẹ́ bàbá mi, ó gé òun gan-an jẹ. Àwọn ayálégbé ní ká pa á, bàbá mi kọ̀. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á bọ́ aṣọ sẹ́nu géètì, á ku síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan, á na ọwọ́ kí ajá gbóòórùn rẹ̀, á ní, "Bingo, na me be this," pé èmi nìyí. Pidgin ni Bingo gbọ́, ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni. Mo ṣì rántí ihò ẹ̀yìn síńgílẹ́ẹ̀tì yẹn.

Lọ́dún yẹn náà, ọ̀fun dùn mí, ó sì lọ. Kò pẹ́, orúnkún mi wú, ó tún bọ́ sí ọrùn ẹsẹ̀, n ò lè dìde mọ́. Wọ́n ní ọfà ayé ni. Ìjọ ń gbàdúrà kíkankíkan: ọ̀tá inú ilé, kú! Ara mi ò yé dùn mí.

Dókítà kan ló wá ṣàlàyé fún bàbá mi pé Ọlọ́run fi ọmọ ogun sínú ẹ̀jẹ̀ wa. Wọn ò lójú. Ṣe ni wọ́n máa ń fọwọ́ ba ara ohun tí wọ́n bá pàdé, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá onílé ni tàbí àjèjì. Kòkòrò tó wọ ọ̀fun mi ló gbé àwọ̀ tó jọ ti ara mi wọ̀. Wọ́n bá a jà tán, wọ́n kọjú sí oríkèé mi, wọ́n sì lè bọ́ sí ọkàn mi.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Dókítà, ọ̀rọ̀ Bingo lẹ̀ ń sọ yìí."

Lọ́jọ́ ìsinmi, ó dúró síbi tí mo dúró sí yìí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí wọ́n kú mọ́. Ẹ̀ṣọ́ tí Ọlọ́run fún ọmọ mi ni wọ́n. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kí wọ́n dá a mọ̀." Bí a ṣe yí àdúrà padà nìyẹn. Abẹ́rẹ́ ń lọ, àdúrà ń lọ, títí mo fi dìde rìn. Oṣooṣù ni mo ń gba abẹ́rẹ́ títí mo fi dàgbà, kí kòkòrò yẹn má baà padà.

Bingo ti kú. Bàbá mi náà ti sùn nínú Olúwa, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí púpọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà tẹ́tí sí àyà mi, ó ní kò sóhun tó ṣe ọkàn mi. Ohun tó gbọ́ kọ́ ni èmi gbọ́. Bàbá mi ni mo gbọ́ lẹ́nu géètì: "Na me be this."

Ẹ dìde, ẹ bá mi jó fún Ọlọ́run, èmi tí wọ́n ní n ò ní rìn mọ́.