Edé Tí Mo Sìn Sínú Omi Àdúrà Ìyá Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ó ti lé lọ́dún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, mi ò sọ fún ọkọ, mi ò sọ fún ìyá. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ẹlòmíì ló ń bá mi ru ẹrù mi, ẹrù náà sì ti fẹ́ pa á.

Àdúgbò Savanna là ń gbé, ní Calgary, ní Canada. Àbúrò ọkọ mi, Kẹ́mi, ń gbé basement wa, yàrá ìsàlẹ̀ ilé, nígbà náà, ó ń lọ sílé ìwé. Basement náà ni ẹja mi wà. Mo fẹ́ràn ẹja inú dígí ju bó ṣe yẹ lọ, mo mọ̀. Edé wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní brine shrimp ni mo ń fún wọn jẹ. Ẹyin rẹ̀ gbẹ, ó kúnná bí aṣáà. Tí èèyàn bá dà á sínú omi iyọ̀ níbi tó móoru, kò ní pẹ́ pa, àwọn ọmọ edé á sì máa lúwẹ̀ẹ́ kiri.

Nígbà tí mo bímọ, ọkọ mi ní kí n kó edé dànù, kí n máa fún ẹja ní oúnjẹ gbígbẹ. Mo ní mo ti gbọ́. Irọ́ ni, mi ò gbọ́. Mo gbé agolo ẹyin náà pamọ́ sẹ́yìn furnace, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru.

Ìyá mi wá láti Abẹ́òkúta láti bá mi tọ́mọ. Wọ́n bu omi sínú àwọn ike, wọ́n gbàdúrà sí i, wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ furnace kí omi náà má bàa tutù jù. Òun ni wọ́n fi ń wẹ ọmọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibí yìí. Omi ẹ̀rọ níbí ní chlorine, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, kò bá edé lára mu. Omi tó bá ti dúró fúngbà díẹ̀ ló dáa fún wọn. Ta ló wá ní omi tó ti dúró nílé wa? Ìyá mi ni. Mo mú ike kan nínú tiwọn, mo da iyọ̀ àti ẹyin sí i, mo sì gbé e padà sáàárín àwọn yòókù kí ọkọ mi má bàa fura. Mo rò pé màá ti gbé e kúrò kí Màmá tó dé orí rẹ̀.

Ara ọmọ bá gbóná. Màmá sáré sọ̀kalẹ̀ lọ mú omi, la bá gbọ́ igbe. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n gbé ike náà sókè síná. Nǹkan pupa wẹ́wẹ́ ló kún inú omi náà, tí wọ́n ń wọ́ jọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

“Omi tí mo gbàdúrà sí!” ni Màmá wí. “Ta ló ń sùn níbí? Ta ló ń sùn ti omi yìí?”

Kẹ́mi jáde nínú yàrá rẹ̀. “Mummy, kí ló ṣẹlẹ̀? I didn't touch anything o, mo fi Ọlọ́run búra.”

Ọkọ mi wo àbúrò rẹ̀, ó wo ọmọ tó ń sunkún láyà mi. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

Ká ní mo kàn sọ pé edé ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rù ọkọ mi ló dí mi lẹ́nu. Àmọ́ mi ò ní parọ́ fún yín: nígbà tí Màmá na ìka sí Kẹ́mi, inú mi dùn. Ọmọbìnrin náà ti sú mi. Kò sí ohun tí mo ṣe nínú ilé mi tí kì í ròyìn fún àwọn ará ilé wọn. Mo fẹ́ kó kó jáde, ọ̀nà sì là. Mo dákẹ́. Mo tún gba ike náà lọ́wọ́ Màmá, mo ní kí n bá wọn dà á nù.

Ọkọ mi ní kí Kẹ́mi lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ládùúgbò Beltline. Snow ga dé orúnkún lọ́jọ́ tó kó ẹrù. Kò pẹ́ tí ara ọmọ balẹ̀, eyín ló ń hù. Màmá ní, “Ẹ ò rí i? Ẹ̀rí wo lẹ tún ń wá?”

Ọ̀rọ̀ náà délé, ó dé ṣọ́ọ̀ṣì, pé àjẹ́ ni Kẹ́mi. Kẹ́mi kọ́kọ́ ń jà, ó ń pè mí pé kí n jẹ́rìí òun. Nígbà tó yá, kò jà mọ́, ààwẹ̀ ló ń gbà. Nígbà tí mo rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́nu àìpẹ́ yìí, egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ. Ọmọ mi sáré lọ bá a. Kẹ́mi fò sẹ́yìn, ó kó ọwọ́ méjèèjì pamọ́.

“Aunty mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e,” ló wí. “Mi ò fẹ́ kó fara kàn mí. I don't know what is inside me.”

Ẹ jọ̀ọ́, Kẹ́mi ti gba ẹ̀sùn náà gbọ́.

Lánàá ó fi voice note ránṣẹ́ sí mi. “Aunty mi, on Sunday, màá dúró níwájú ìjọ, màá sọ pé èmi ni mo ba omi yẹn jẹ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní ìgbà yẹn ni ohun tó wà nínú mi á tó lè fi mí sílẹ̀. Àmọ́ mi ò rántí bí mo ṣe ṣe é. Ẹ̀yin wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán mi létí, kí n lè jẹ́wọ́ dáadáa.”

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Òtítọ́ ò tíì bá mi, aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ni irọ́ mi ń bá jà. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ọkọ mi lè má wo ojú mi mọ́, ìyá mi ò sì ní lè gbé orí sókè láwùjọ. Ṣé ọkọ mi ni kí n kọ́kọ́ bá, àbí kí n dìde níjọ kí Kẹ́mi tó dìde? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Bí mo ṣe ń kọ èyí, Kẹ́mi ń pè mí. Ó fẹ́ mọ ohun tí òun ṣe.