Ẹ̀rù Tí Mo Fi Ṣe Fíìmù

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ súnmọ́ mi. Dókítà ti ní ọjọ́ mi ò pọ̀ mọ́, ẹ̀yin náà sì gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbé mì, tí kò dà. Ìyàwó mi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún láàárọ̀ yìí; ó yá, kí gbogbo yín gbọ́.

Ẹ rántí fíìmù ọ̀daràn tí mo darí, èyí tí ọkùnrin kan ti ń dẹ́rù ba obìnrin kan nínú ilé títí orí rẹ̀ fi dàrú. Àbúrò ìyàwó mi ni mo fi ṣe obìnrin náà. Ó mọ eré í ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ní ẹ̀rù ojú rẹ̀ kò tó, àfi kí ẹ̀rù bà á ní tòótọ́.

Ilé tí a ti ń ya fíìmù náà ló ń sùn, kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ sì wà lápò mi. Bó bá ti lọ wẹ̀, màá yọ́ wọlé, màá kọjú dígí sí ògiri, màá to bàtà rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, màá sì yọ́ jáde. Oníkámẹ́rà wa ló ń ṣọ́nà fún mi. Ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi mọ báyìí. Ọmọ yìí ò jẹun mọ́." Mo ní kó gbájú mọ́ iṣẹ́ tó bá wá.

Ọmọ náà wá bá mi. "Bọ̀dá, ẹnì kan ń wọ yàrá mi."

"Ta ni? Àbí eré yìí ti ń kó sí ẹ lórí ni?"

Láti ìgbà náà ló ti ń dá sọ̀rọ̀. Inú mi sì dùn! Ìkà èèyàn ni mí, ẹ má bá mi bò ó.

Ìran ìkẹyìn ló burú jù. Òun nìkan ló wà ní yàrá òkè pẹ̀lú kámẹ́rà. A ti ṣèlérí fún un pé a ò ní ti ilẹ̀kùn. Mo tì í pa láti ìta, mo wá ń fi èékánná ha pákó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó figbe ta: "Bọ̀dá, ẹ gbà mí! Kì í ṣe eré mọ́!" Oníkámẹ́rà di ọwọ́ mi mú, mo tì í dànù. Mo ṣáà ń ha á. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí gíláàsì fọ́, gbogbo rẹ̀ wá dákẹ́. Ó ti gba ojú fèrèsé bẹ́. Ìbàdí rẹ̀ dá. Mo sọ fún gbogbo ayé pé wèrè ló kọlù ú.

Nígbà tí fíìmù náà jáde, àwọn òǹwòran ń yán. Nígbà tó kan ibi tó ti ń figbe ta, ẹnì kan lẹ́yìn mi ní, "Èyí ò tiẹ̀ mọ bí ẹ̀rù ṣe ń bani." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí eku bá ha nǹkan lásán, màá fò dìde.

Ìyàwó mi ò sunkún nígbà tó gbọ́. Ó ní, "Àbúrò mi sọ fún mi nígbà náà pé ẹnì kan ń wọ yàrá òun. Èmi ni mo ní irọ́ ni, pé kó lọ sinmi. Ẹ ti sọ èmi náà di òṣìkà." Ó dìde, ó lọ mú un wá.

Ẹ gbọ́ ìró ọ̀pá rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ má fi mí sílẹ̀. Àbúrò mi, wọlé. Orí rẹ ò dàrú rí. Èmi ni mo ń wọ yàrá rẹ. Bí o bá lè dárí jì mí, dárí jì mí. Bí o ò bá lè ṣe é, ṣáà sọ̀rọ̀, má kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà kí o máa wò mí.